Bátìrì Jíìpù, Fáànù Baálẹ̀

Ẹdẹ,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Ṣadé, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, inú mi dùn pé o ti rí iṣẹ́ ìlera gbà ní Òṣogbo, nítorí ní àkókò àwọn ológun yìí, ẹni tó gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dà bí ẹni tó rí òjò nínú ọyẹ́. Ní ìgbà kejì, mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé: "Bàbá, wọ́n fún wa ní jíìpù kan tó ń fa ilé kékeré onítáyà lẹ́yìn, kárafáànù ni wọ́n ń pè é. Fíríìjì wà nínú rẹ̀, fáànù wà, bẹ́ẹ̀dì kékeré wà. Fèrèsé ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi pákó dí." Ní ìgbà kẹta, pákó yẹn nìkan ni mo ń kà. Èmi ni mo kàn án. Ìṣó mẹ́sàn-án ni mo fi kàn án, ìkẹwàá tẹ̀.

Mo ti rò pé kárafáànù yẹn ti kú. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn nìkan ló ń kú lọ́dọ̀ wa; ohun ìní ìjọba kì í kú, wọ́n á kàn tún un kùn ni.

O kò béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi. Àdúrà ni o ní kí n gbà, mo sì ti gbà á. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í ṣajì bátìrì, mo ti dán an wò. Nítorí náà, fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí. N kò kọ irú rẹ̀ sí ọ rí, n kò sì rò pé n ó tún lè kọ irú rẹ̀ mọ́.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ wáyà. Ní ẹ̀yìn jíìpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ tí a fi so kárafáànù mọ́ ọn, wáyà dúdú kan wà tó nípọn bí àtàǹpàkò, pílọ́ọ̀gì sì wà ní orí rẹ̀. Òun ló ń gbé iná láti ara bátìrì jíìpù lọ sínú kárafáànù. Bí jíìpù bá ń rìn, kò séwu: dáínámò ń fún bátìrì ní iná, bátìrì ń fún fíríìjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, dáínámò ti sùn nìyẹn, fíríìjì kò sì ní sùn. Yóò máa mu iná jíìpù títí yóò fi mu ún gbẹ. Kárafáànù ní bátìrì tirẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n arúgbó ni. Ìkòkò tó ti jò ni. Bí o bá so ìkòkò tó jò mọ́ èyí tó kún, kì í ṣe èyí tó jò ni yóò kún.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti dúró, kí o tó na ẹ̀yìn rẹ, kí o tó kí ẹnikẹ́ni, yọ wáyà. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ọmọ Ẹdẹ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò kí ará ilé, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Kò gba ju kí ènìyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Lẹ́yìn náà, o lè kí wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Èkejì. Àpótí kékeré kan wà tí àwọn rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ń pè ní rílé. Ìlẹ̀kùn ni fún iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó ṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó tì fúnra rẹ̀, fíríìjì kò sì ní lè mu iná jíìpù mọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ gbàgbé wáyà síbẹ̀. Mo so ọ̀kan mọ́ jíìpù tiwa nígbà tí mo jẹ́ awakọ̀ kánsù. Inú mi dùn sí i ju ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní pólì lọ. Ní oṣù kejì, wọ́n tú u lọ fi ṣe fèrè ọkọ̀ alákòóso kánsù. Fèrè náà dún ròkè dáadáa. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé pé o gba jíìpù, sọ fún rẹ́wáyà kó fi rílé náà hàn ọ́, kí o sì fi ojú ara rẹ rí i. Bí wọ́n bá ní ó ń bọ̀, mọ̀ pé kò ní dé.

Ẹ̀kẹta kéré. Gba yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja tútù kí ẹ tó kúrò nílùú, kí o sì kó oògùn àjẹsára sínú àpótí yìnyín bí ẹ bá fẹ́ dúró pẹ́. Kí irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú sì wà nínú jíìpù. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ ni kí ẹ máa dúró sí, kí ẹ kọ ojú jíìpù sí ìsàlẹ̀, kí ó lè yí lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tú u kúrò lára kárafáànù. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni mo mọ̀ nígbà náà. Má ṣe gbà gbọ́ pé àìmọ̀ ló ba ayé jẹ́.

Ọdún tí àwọn ológun gbàjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, ìwọ wà ní píráímárì kejì. Ìgbànú wà, ikùn tí a ó fún un mọ́ ni kò sí. Kánsù ń dá ènìyàn dúró lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́tà ìdádúró wọn kì í ju ìdajì ojú ìwé lọ, nítorí wọ́n ń ṣọ́ ìwé lò: wọ́n á gé ojú ìwé kan sí méjì, wọ́n á fi lé ènìyàn méjì lọ sílé. Èmi ni mo ń wa kárafáànù. Iṣẹ́ iná tí mo kọ́ ní pólì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e fún mi. Wọ́n ní bí jíìpù kò bá ṣíná, ó dára kí ẹnì kan lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ní oṣù kan báyìí, wọ́n rán wa lọ sí Abà Olóbì, lẹ́yìn Alájùé, láti lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ èéyi. O mọ èéyi, àrùn tó ń pọ́n ọmọ lójú, tó ń sú sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì wa ni Sístà Dọ́káàsì. Ní ọjọ́ kìíní, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, ó pín káàdì, ó sì fi abẹ́rẹ́ sí ọjọ́ karùn-ún, kí àwọn abà tó yí wọn ká lè gbọ́. Òun bá lọ́rí padà sí Ẹdẹ nítorí ó ní ọmọ ọwọ́. Èmi ni mo dúró ti kárafáànù, oògùn sì wà nínú fíríìjì.

Kánsù ti wọn epo fún mi bí ẹni ń wọn oògùn ikọ́. Nítorí náà, mo ṣètò pé n ó máa ṣíná fún wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan lọ́sàn-án, wákàtí kan nírọ̀lẹ́, kí fíríìjì lè tutù, n ó sì máa yọ wáyà láàárín wọn. Ètò náà dára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, mo ń lọ síbi wáyà, ni Baálẹ̀ abà dé. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, ó ń fi ọ̀pá rìn.

Ó ní, "Awakọ̀, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ń bẹ nínú ilé yín yìí."

Mo ní, "Ó ń bẹ, bàbá."

"Ti Ọlọ́run ni àbí ti ìjọba?"

"Ti ìjọba ni, bàbá."

"Jẹ́ kó fẹ́ mi díẹ̀. Láti ayébáyé ni ìjọba ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi."

A rẹ́rìn-ín. Mo dì í mú wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tan fáànù sí i. Kí n tó jáde, ó ti nà gbalaja, ó ti fi fìlà bojú. Mo lọ sẹ́yìn jíìpù, mo sì di pílọ́ọ̀gì mú. Mo mọ̀ pé bí mo bá fà á, fáànù yóò dúró. Ìyàwó ọmọ Baálẹ̀, Ìyá Ráṣídà, ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó sè fún mi, ó pọn Ráṣídà sẹ́yìn. Ó rí ọwọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ dákun, ẹ má jí wọn o. Láti ọjọ́ tí èémí ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, lórí ìjókòó ni wọ́n ń sùn. A ò rí wọn kí wọ́n nà báyìí láti ọdún tó kọjá."

Ta ni yóò wá pa fáànù mọ́ Baálẹ̀ lórí? Mo tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní n kò ní jí wọn. Mo jókòó sábẹ́ igi obì, mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó dùn. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Baálẹ̀ sùn títí oòrùn fi rọ̀. Fáànù kọ́kọ́ ń yí bí fáànù. Nígbà tó yá, ó ń yí bí ẹni tó ń ronú. Nígbà tó tún yá, ó dúró. Òógùn ló jí Baálẹ̀.

Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ jíìpù, mo yí i. Ó dún "kẹ̀" lẹ́ẹ̀kan péré. Mo tú kárafáànù kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin abà sì bá mi tì í, ṣùgbọ́n yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, táyà kàn ń wọlẹ̀ ni. Irin tí mo ní kí o máa gbé dání, tiwa wà ní sítọ́ọ̀ kánsù. Wọ́n tì í mọ́bẹ̀ kí n má baà sọ ọ́ nù. N kò sì tíì sọ ọ́ nù títí di òní.

Baálẹ̀ wo jíìpù, ó wò mí. "Ṣé èmi ni mo sun iná rẹ̀ tán?"

"Rárá o, bàbá. Bátìrì náà ti darúgbó ni."

"Èmi náà ti darúgbó," ó ní, "mo ṣì ń dìde."

Ní ìdájí, mo gbé bátìrì jíìpù ru, mo bẹ́sẹ̀ rìn dé Sẹ̀kọ̀nà, mo sì bá lọ́rí wọ Ẹdẹ. Kò sí iná lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣajì bátìrì. Mo jókòó tì í di ọjọ́ kẹrin kí iná tó dé. Nígbà tí n ó fi padà dé abà, fíríìjì ti kú fún ọjọ́ méjì gbáko, oòrùn sì wà lórí kárafáànù. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ooru gbá mi lójú bí ti ààrò. Mo fọwọ́ kan àwọn ìgò oògùn. Wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Oògùn àjẹsára tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti kú. Wọ́n ti kọ́ ìwọ náà. Ó yẹ kí n dà á nù, kí n sì dúró de Sístà kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdajì ojú ìwé ń dúró dè mí ní kánsù. Nígbà tí mo dúró bẹ́ẹ̀, Baálẹ̀ ti pe gbogbo abà jọ. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì pé mọ́tò yìí kú. Oorun tèmi ló fà á. A ò ní jẹ́ kí wọ́n torí oorun mi lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Ráṣídà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ wọn ni mí.

Ṣadé, wọn kò mọ̀ pé oògùn ń kú. Lójú tiwọn, mọ́tò ló kú, mọ́tò sì ti jí. Èmi mọ̀. Mo ṣíná, mo ti wáyà bọ̀ ọ́, mo jẹ́ kí fíríìjì tutù padà.

Sístà dé láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Ó ki ọwọ́ bọ fíríìjì, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ó mà tutù dáadáa."

Mo ní, "Ó tutù, Sístà."

Òtítọ́ ni mo sọ. Láti ọjọ́ náà ni òtítọ́ tó bá kúrú ti ń bà mí lẹ́rù.

Nítorí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí mo jẹ, mo bẹ Sístà kó kọ́kọ́ dá Ìyá Ráṣídà lóhùn. Oore ni mo pè é. Ráṣídà ni ọmọ àkọ́kọ́ tó gba omi lásán sí apá ní ọjọ́ náà. Ó ké, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ké dáadáa, ara rẹ ń le nìyẹn."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, èéyi wọ Abà Olóbì. N kò ní ka iye àwọn tó kú fún ọ. Ráṣídà wà lára wọn.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní Ẹdẹ níbí. Ìwọ lo gbé omi fún un. O lè má rántí. Ó di káàdì mọ́ igun ìró rẹ̀. Ó tú u, ó nà án sí mi.

"Bàbá Ṣadé, ẹ bá mi wò ó. Ṣé wọn ò tẹ òǹtẹ̀ sí i dáadáa ni?"

Mo wò ó. Mo ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Àbí ìwẹ̀ ni? Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tó bá gba abẹ́rẹ́ kì í fara kan omi lọ́jọ́ náà. Ooru ń mú un ni mo ṣe wẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́. Ṣé ìwẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́?"

Ó ń wò mí, nítorí èmi ni mo mọ̀wé. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́ pé òun ti mọ ohun tó fà á. Ìwọ sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Kánsù kò lé mi nítorí bátìrì. Ní ọdún kejì ni wọ́n lé mi, wọ́n ní jíìpù kò ní táyà mọ́, kò sì sí ohun tí awakọ̀ yóò máa wà. Ìdajì ojú ìwé mi ṣì wà nínú àpótí. Apá òkè ni, ó ní òǹtẹ̀.

Ohun tó ń ba ọkàn mi jẹ́ báyìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Wọ́n sọ fún mi pé Ìyá Ráṣídà ti bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó gba abẹ́rẹ́ rí nínú wọn. Ó ní òun kò mọ ọwọ́ rẹ̀ mú, òun tún lè ṣèèṣì wẹ̀ fún ọmọ. Àwọn ìyá tó kù lábà náà sì ń fi í ṣàríkọ́gbọ́n. Ìwọ kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé Alájùé àti àwọn abà ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ rán yín lọ. O ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú fíríìjì tó tutù ní tòótọ́, wọn kò sì ní gbé ọmọ jáde sí ọ. Ọyẹ́ sì ń bọ̀.

Ìmọ̀ràn tó ṣẹ́ kù kò pọ̀. O ní awakọ̀ yín, Bàbá Làmídì, ti ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí ọ, pé "Nọ́ọ̀sì kékeré" ló ń pè ọ́, àti pé kì í fẹ́ kí o fọwọ́ kan jíìpù òun. Má bá a jà. Kúnlẹ̀ kí i, kí o sì yọ wáyà. Ibi tí pílọ́ọ̀gì wà kò ga ju ibi tí ọwọ́ ẹni tó kúnlẹ̀ ń dé lọ. N kò rò pé àwọn òyìnbó tó ṣe é ro ti Yorùbá mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i. Bí Bàbá Làmídì bá bínú, kí ó bínú. Bí Baálẹ̀ bá fẹ́ sùn, tẹ́ ẹní fún un sábẹ́ igi, kí o sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Apá rẹ yóò ro ọ́. Ìrora apá kì í pa ọmọ ẹnikẹ́ni.

Bí oògùn bá sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ kan, dà á sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kí wọ́n fún ọ ní ìdajì ojú ìwé tìrẹ. Ilé wa ṣì wà, a ó jọ máa wo ara wa.

Mo fẹ́ rán ọ sí Ìyá Ráṣídà pé kí o sọ fún un pé kì í ṣe ìwẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí i pé kò yẹ kí n gbé e rù ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jáde láti lọ sọ ọ́ fúnra mi. Mo máa ń dé oríta Sẹ̀kọ̀nà. Níbẹ̀ ni mo máa ń ra iṣu sísun, n ó jẹ ẹ́ tán, n ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Àwọn tó ń sun iṣu níbẹ̀ rò pé iṣu wọn ni mo ń tìtorí rẹ̀ wá láti Ẹdẹ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, má yà sílé, nítorí bí mo bá wà nílé, n ó rí iṣẹ́ kan ṣe. Oríta Sẹ̀kọ̀nà ni n ó ti dúró dè yín. Bí o bá rí mi, sọ fún Bàbá Làmídì kó dúró, kí o sì gbá mi lọ́wọ́ mú wọ inú jíìpù, bí mo tilẹ̀ ní mo gbàgbé nǹkan sílé. Bí o kò bá rí mi, ẹ má dúró. Mú lẹ́tà yìí dání. Bí o bá dé Abà Olóbì, béèrè Ìyá Ráṣídà, sọ fún un ọmọ ẹni tí o jẹ́, kí o sì kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá ibi tí mo ti ní "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà, ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìgò oògùn rẹ kó tó gbé ọmọ kankan wá. Èmi, wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi, wọn kò yẹ̀ mí wò. Ìwọ, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò.

N kò mọ ohun tí yóò sọ. N kò rò pé yóò dárí jì mí, n kò sì kọ lẹ́tà yìí nítorí ìdáríjì. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ni.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, Àbẹ̀kẹ́ mi, ju bí mo ti ṣọ́ fíríìjì lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí yóò gbìyànjú láti dúró ní Sẹ̀kọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé abà, ì báà jẹ́ pé Ìyá Ráṣídà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá pàdé rẹ, kí o tó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lẹ́yìn jíìpù, yọ wáyà.